Ewì Tí À Ń Kà sí Ògiri

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Dublin, ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ wá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá bi mí pé tíṣà dà. Mo ní èmi rèé. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, bóyá òyìnbó kan fara pamọ́ sí pálọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀, ọmọkùnrin gíga kan tí irun bò lójú, Kevin lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ah Ma, she's grand," ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó lọ jókòó sídìí tábìlì. Ìyá náà ò lọ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé wa ní Tallaght, ó ń ṣọ́ mi láti ojú fèrèsé títí a fi parí. Nígbà tó ṣe, ó dẹ́kun ṣíṣọ́. Nígbà tó tún ṣe, ó ń gbé kéèkì wá fún mi.

Grinds ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà ní Áyálàndì. Lẹ́sìnnì tiwa náà ni: ọmọ á kúrò nílé ìwé, á tún wá jókòó sílé tíṣà kan nítorí ìdánwò àṣekágbá. Lílọ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, bí a ṣe ń lọ ata. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ìyá ẹlẹ́rọ, ọpọlọ ta lẹ tún lọ̀ lónìí?" Ṣé kí n bínú ni? Òun náà ló kó mi wá síbẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Lítíréṣọ̀ n'Íbàdàn kí iṣẹ́ tiẹ̀ tó gbé wa dé Dublin. Àwọn tó ń gba tíṣà síṣẹ́ ní kí n jẹ́ kí àwọn yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi sú mi. Ni mo bá lẹ bébà mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù kan ní Moore Street, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti káàdì ìpè, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé mo ń kọ́ ọmọ ní ewì.

Ìgbà yẹn, owó ń ya wọ ìlú náà. Ibi yòówù kéèyàn gbójú sókè sí, kíréènì ni yóò rí. Ẹni tó ń fọ fèrèsé ń ra ilé kejì. Òbí kankan ò sì fẹ́ kí ọmọ tòun gbẹ́yìn, torí náà wọ́n ń wá tíṣà kiri, wọn ò béèrè àwọ̀ tíṣà mọ́. Àwọn ọmọ Áyálàndì ń pè mí ní Miss. Àwọn èèyàn wa ń pè mí ní Àǹtí Tíṣà, títí kan àwọn tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ewì àwọn ará Amẹ́ríkà òde òní ló máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ jù. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó jókòó ti fèrèsé nínú yàrá tó háyà, ará ilé ò mọ orúkọ rẹ̀. Tàbí kó wà nínú ọkọ̀ ojú irin, èrò yí i ká, kò sẹ́ni tó kí i. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, á jẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ti kó aṣọ sínú báàgì, tó ti fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó ń bú owó, tó ń bú ìjọba, tó tún wá ń bú bàbá náà lé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka irú ewì bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì, mo rò pé ara wọn ni kò yá. Mo na ọwọ́ sókè, mo bi olùkọ́ wa pé, "Sà, ṣé wọn ò ní ẹbí ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan ni, aṣọ rẹ̀ kì í kúrò ní funfun. Ó ní, "Wọ́n ní. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń dùn wọ́n." Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tó ń wí.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ ọ, èmi ni mo rò ó jọ fúnra mi. Ewì tiwa, èèyàn là ń kì. A kì í ki oríkì fún afẹ́fẹ́. Ẹni tí a ń kì gbọ́dọ̀ wà níwájú wa kí orí rẹ̀ lè wú. Ewì tiwọn yìí, kò sẹ́ni níwájú ẹni tó ń ké e. Nítorí náà, mo máa ń ní kí ọmọ gbé ìwé rẹ̀ wọ kíṣìnnì mi, kó ti ilẹ̀kùn, kó kọjú sí ògiri, kó ka ewì náà sókè ketekete. Lẹ́yìn náà, kó jáde wá kà á fún wa. Màá wá bi í léèrè èwo ló le jù nínú méjèèjì. Ọmọ tó bá ní ti ògiri ló rọrùn, mo mọ̀ pé kò tíì gbọ́ ohun tó ń kà.

Kevin ló kọ́kọ́ ṣe é. Press ni wọ́n ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, craic sì ni fàájì. Ó jáde láti kíṣìnnì, ó ní, "Me and your press had great craic, Miss," gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá ń kà á fún wa, tó dé ibi tí ọmọ inú ewì ti ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó pa ìwé dé. Àṣé bàbá tiẹ̀ ti lọ sí ìlú ọba láti kékeré rẹ̀, kò sì padà wá. Mi ò mọ̀. Mo bù kéèkì ìyá rẹ̀ fún un, a fi ewì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Bàbá Rìsíkátù gbé ọmọ tiẹ̀ wá láti Finglas. Ilé ìkẹ́rùsí kan nínú àwọn ọgbà iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù gun orí pẹpẹ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gba ife omi. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá bàbá náà ló sì gbé Rìsíkátù pọ̀n, tó tọ́ ọ títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́fà, kí bàbá tó ránṣẹ́ mú un wá sí Dublin. Bàbá àti ọmọ nìkan ló ń gbé ilé wọn.

Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, apòògùn ni mo fẹ́ kó dà. Sáyẹ́ǹsì ò le fún un, ewì yìí ló ń dà á láàmú. Ẹ bá mi nà án tó bá ń ṣọ̀lẹ."

Mo ní, "Ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni. Ìlú ta lẹ rò pé a wà?"

Ọmọ náà yí ojú sókè lábẹ́ ìborùn rẹ̀. "Da, stop."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ bá a sọ Yorùbá, Òyìnbó Finglas ni yóò fi dá yín lóhùn, Rizzy ló sì ní kí àwa tó kù máa pe òun. Ó máa ń jókòó sí igun, kì í bá àwọn tó kù ṣeré. Àmọ́ bó bá gbé ewì dání, ohun tó ń rí nínú rẹ̀, èmi gan-an kì í rí i. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé oríkì fún wọn, ó ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń ṣe é fún òun lórí fóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú.

Mo ní, "Kí ni Ìyá Àgbà máa ń pè ọ́?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀ní." Ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì pè é dáadáa bí ẹni tí kò kúrò ní Ìṣẹ́yìn rí.

Mo ní kó kì í fún wa. Ojú tì í, àmọ́ ó kì í díẹ̀: Àbẹ̀ní, ọmọ tí mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kí n tó rí, Àbẹ̀ní, arẹwà tí í bọ́ sójúde kílé ó kún, ẹni tó bí ọ lọ, ẹni tó pọ̀n ọ́ ń bẹ. Ó ní ó tún kù, ibi tó dá dúró yẹn ló sì dùn mọ́ òun jù. Ó ní bí Ìyá Àgbà bá ti ń kì òun, òun kì í dáhùn, òun á kàn máa gbọ́, tí Ìyá Àgbà á fi máa ké pé, "Àbí káàdì yín ti tán ni?" Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó ti kíṣìnnì dé tí mo bi í pé èwo ló le jù, ó ní ti ògiri ni, torí ògiri ò mọ orúkọ èèyàn. Mo wo ọmọ náà. Mo sọ nínú ara mi pé èyí ti gbọ́ ọ.

Nínú oṣù kẹta ni bàbá rẹ̀ wá mú un ṣáájú àkókò. Ọmọ wà ní kíṣìnnì, ó ń kàwé sí ògiri. Bàbá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n koko.

Ó rọra ní, "Àǹtí Tíṣà, ìyá mi ti lọ."

Háà! Mo la ẹnu láti kí i, ó sáré gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run. Bí ẹ bá kí mi, màá sunkún, ọmọ á sì gbọ́." Ni mo bá gbé ìkíni náà mì.

Wọ́n ti sin màmá lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Òun ò lè lọ, torí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba. Kò sì ní sọ fún ọmọ títí yóò fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán nínú oṣù kẹfà. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ mọ̀ pé a kì í ṣàdédé tú òfò sí èèyàn létí. Nígbà tí bàbá tèmi kú, "Ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ le" ni wọ́n sọ fún mi, àfìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa tí mo rí àga lóríṣiríṣi níta. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe é. A ó kó àgbà jọ, a ó fi ẹni náà sáàárín, a ó sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà já. Torí náà, mi ò bá a jà. Mo kàn ní, "Ìpè ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Ìyá Kékeré, àbúrò màámi, ni yóò máa gbé e. Ohùn wọn ò yàtọ̀."

"Bàbá Rìsíkátù, ọmọ yẹn gbọ́n o."

"Ọmọ tí ò lè sọ gbólóhùn Yorùbá kan délẹ̀? Ó ti di òyìnbó, Àǹtí Tíṣà. Ó bá ti gbọ́ ohùn àgbà, ó parí."

Nígbà tó tún wá lọ́sẹ̀ kejì, ó sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Ó ní òun ò lè ṣe fìdáù ní mọ́ṣáláṣí, torí bí àwọn àgbà bá ti gbọ́, àwọn ọmọ á gbọ́, wọ́n á sì sọ fún Rìsíkátù. Òun nìkan ló ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá rẹ̀, nínú ọkọ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí iléeṣẹ́, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹun. Ó ṣe tán, ó nu ojú, ó padà sórí ọkọ̀ ẹrù. Ojú mi kún fún omi, mo ṣe bí ẹni tó ń wá gíláàsì ojú mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ yí padà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wọlé láìbo orí. Kì í ṣe ìyẹn ni mo wò. Irun orí rẹ̀ ti lọ. Gbogbo irun gígùn yẹn, ó ti fi abẹ fá a mọ́lẹ̀. Kevin ní, "Jaysus, Rizzy." Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé. Ó ní ọmọ náà kì í bá òun lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, kì í bá òun jẹun mọ́, bí òun bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ju bébà kan sórí tábìlì. Ewì tí mo fún wọn ni, ti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní òun ò fẹ́ ilé bàbá òun, òun ò fẹ́ owó rẹ̀, òun ò fẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ mi nìyí? Mo fi ìlú mi sílẹ̀ wá wá owó, ẹ fún un níwèé tó ní owó ò dáa. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo, ẹ fún un níwèé tó ní kó sá nílé. Àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n gbà. Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ ewì, ìjọba wọn ló ní kí ọmọ kà á. Ẹ lọ bá ìjọba jà." Àmọ́ inú mi bàjẹ́, torí apá kan nínú mi rò pé bóyá òótọ́ ló ń wí. Mo wo orí ọmọ náà tó ń dán, mo sì ronú pé bí ọ̀tẹ̀ inú ewì ṣe ń rí gan-an nìyí. Rìsíkátù gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ó gbé ìwé, ó wọ kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Mo wá a lọ. Mo rí i níbi tí tírámù ti ń parí ìrìn rẹ̀ nítòsí ilé ìtajà ńlá Tallaght. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kún tí wọ́n ń lọ. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Mo jókòó tì í. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí orí rẹ̀ tó wà láìbò, mo yọ ìborùn mi, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn, kò kọ̀.

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ lọ bíi tàwọn inú ìwé ni?"

Òyìnbó ló fi dá mi lóhùn. Ó ní àwọn inú ìwé lè lọ, torí wọ́n fi èèyàn púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "You can't walk out on a man who's only got you, Miss."

Mo rò pé ó ń ráhùn ni. Mo fà á dìde, a jọ rìn lọ sílé. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ewì Amẹ́ríkà kọ́ ló ń kà. Àbẹ̀ní, ọmọ tí mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kí n tó rí. Àbẹ̀ní, arẹwà tí í bọ́ sójúde. Ẹni tó bí ọ lọ. Bó bá ti dé ibẹ̀, á dákẹ́, á tún padà síbẹ̀rẹ̀. Ògiri ló ń kì í fún. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, mi ò ṣí i. Mo ní àárò ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sọ ọ́, mo sì padà sí pálọ̀.

Nínú oṣù kẹfà, oòrùn Áyálàndì tó ti ń fi ara pamọ́ látọjọ́ yìí jáde, bó ṣe máa ń ṣe lásìkò ìdánwò láti fi ìyà jẹ àwọn ọmọ. Rìsíkátù ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀, kò fo ọ̀kankan. Bí ó ti ń parí ni bàbá rẹ̀ pè mí. Ó ní òun ti kó àgbà jọ, pé kí èmi náà wá lọ́jọ́ Àìkú torí ọmọ náà máa ń gbọ́ tèmi.

Mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mélòó kan sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí owó ìlú náà fi gbẹ, tí kíréènì dúró, tí àwọn òbí ò lè sanwó lẹ́sìnnì mọ́, tí èmi náà sì ti tó ẹni tó yẹ kó sinmi. Bí àwọn èèyàn bá bi mí pé kí ni mo rántí jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n máa ń retí kí n sọ ọmọ tó gba máàkì tó pọ̀ jù. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ní Finglas ni mo máa ń rántí.

Àwa mẹ́ta la jókòó sí pálọ̀: bàbá, èmi, àti Àfáà àgbà kan láti mọ́ṣáláṣí. Àga kan wà láàárín tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ọmọ. Rìsíkátù gbé omi wá. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún Àfáà, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kò lọ sórí àga. Irun rẹ̀ ti ń hù díẹ̀. Àfáà mu omi, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè bó ṣe yẹ. Ó ní ayé ò tó nǹkan. Ó ní gbogbo ẹ̀mí ni yóò tọ́ ikú wò. Ó ní bí àgbà bá ṣe rere lọ...

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti mọ̀."

Yorùbá ni. Yorùbá Ìṣẹ́yìn, tí ẹnu Finglas kàn fọwọ́ bà díẹ̀. Àfáà gbé ife sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, "Kí lo mọ̀?"

"Ìyá Kékeré pè mí ní Àjọkẹ́. Ìyá Àgbà ò lè pè mí ní Àjọkẹ́ láéláé. Mo ní kí wọ́n parí oríkì mi, wọ́n ní káàdì ti fẹ́ẹ́ tán."

Bàbá wò mí. Oríkì ọmọ ọmọ tara rẹ̀ ni Ìyá Kékeré gbé fún un. Wọ́n rò pé ọmọ òkè òkun kò ní mọ èyí yàtọ̀ sí tìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ní, "Látìgbà wo?"

"Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́."

"Tó o sì ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ fóònù náà fún mi, Dádì. Ẹ ó wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ẹ fẹ́ kí n ṣe ìdánwò, mo ní kí ohun tí ẹ ń gbé má baà já sófo."

Bàbá na ọwọ́ sí orí rẹ̀, kò débẹ̀. "Irun rẹ ńkọ́?"

Ó ní òun rántí pé nígbà tí Bàbá Àgbà kú, àwọn àgbà ilé fá irun Ìyá Àgbà. Ó ní ìyẹn nìkan lòun rí rí tí èèyàn ń ṣe béèyàn bá kú. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí màá wò. Gbogbo ariwo tí a pa lé ewì Amẹ́ríkà lórí, òkú ni ọmọ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójú wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá rẹ̀, a sì pè é ní ọ̀tẹ̀.

Ó wá yí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àrafẹ́rakù, Dádì. Ọlọ́run á tẹ́ Ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere."

Látinú oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó tíì kí ọkùnrin yẹn. Òun ló ní kí a má kí òun. Ó ṣí ẹnu láti ṣe àmín, ohun tó jáde kì í ṣe àmín. Ó fi orí lé ọwọ́ méjèèjì, ó sunkún ìyá rẹ̀ níwájú wa bí ọmọdé, ọmọ rẹ̀ sì di orúnkún rẹ̀ mú. Àfáà ń nu ojú. Èmi ò wá gíláàsì kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi tó máa ń wọ funfun ló padà wá sí mi létí. Wọ́n ní ẹbí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń dùn wọ́n.

Nígbà tó pẹ́, tí bàbá ti gbé orí sókè, Rìsíkátù ní, "Ẹ kì mí, Dádì."

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n tán, Àbẹ̀ní. Màámi nìkan ló mọ̀ ọ́n tán."

"Ẹ ki ibi tí ẹ mọ̀."

Ó jókòó dáadáa. Ó ní Àbẹ̀ní, ọmọ tí mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kí n tó rí. Ó ní Àbẹ̀ní, arẹwà tí í bọ́ sójúde kílé ó kún. Ó ní ẹni tó bí ọ lọ, ó sì dákẹ́. Mo mọ ohun tó kàn, ọmọ náà mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ nínú wa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo orí kékeré yẹn, níbi tí irun tuntun ti ń hù.

Ó ní, "Ẹni tó bí ọ lọ, Àbẹ̀ní. Ẹni tó pọ̀n ọ́ náà lọ. Èmi ń bẹ."

Rìsíkátù ò dáhùn. Ó tẹ orí ba, ó ń gbọ́.